Bí Omi Bá Dànù, Kí Agbè Má Ṣe Fọ́: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Nídìí Epo àti Kẹ́míkà

Ọmọ mi, ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní sáìtì, ní yáàdì mẹkáníìkì, ní ilé epo, tàbí níbi tí wọ́n ti ń po kẹ́míkà, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí epo ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi. Èmi ni mò ń gba dísù wọlé ní sáìtì ojú ọ̀nà, èmi ni mò ń pín in fún katapílà àti gírédà, èmi náà ni wọ́n máa ń pè bí nǹkan bá dà. Àwọn àgbà wa máa ń sọ fún ẹni tí àdánù bá bá pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Epo tó dà ni omi. Ìwọ ni agbè. Nítorí kí ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òótọ́ lára rẹ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ni mo ṣe kọ èyí.

1. Epo tó ti dà, ó ti lọ. Má tẹ̀ lé e.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998, páìpù epo kan tú ní Jesse, ní ìpínlẹ̀ Delta. Àwọn ará àdúgbò gbé garawa àti kẹ́ẹ̀gì lọ síbẹ̀. Iná sọ, àwọn tó kú sì lé ní 1,000. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá l'Ékòó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, táńkà dojú dé ní Majiya, ní ìpínlẹ̀ Jigawa. Àwọn tó jóná níbi tí wọ́n ti ń gbọ́n epo nínú gọ́tà kọjá 150. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kíní ọdún 2025, táńkà mìíràn ṣubú ní oríta Dikko, lẹ́bàá Suleja ní ìpínlẹ̀ Niger, èèyàn tó lé ní 80 sì kú.

N kò bú àwọn tó kú síbẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú wọn lójú rẹ. Ìyà ń jẹ ará ìlú, kẹ́ẹ̀gì epo kan sì lè gbọ́ bùkátà ilé fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n wo ti Dikko dáadáa, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àjọ NEMA tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì sọ pé ńṣe ni wọ́n ń fi jẹnẹrétọ̀ fa pẹtiróòlù kúrò nínú táńkà tó ṣubú sínú òmíràn nígbà tí iná sọ. Ìrònú pé kí ọjà má ṣòfò ló mú ẹ̀rọ tó ń ta sípáàkì dé àárín epo tó tú sílẹ̀. Ìrònú yẹn náà ló máa ń mú fómaàn sọ pé kí ọmọ iṣẹ́ fi ike gbọ́n dísù padà sínú dúróòmù. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ nípa pẹtiróòlù, kọ̀ ọ́. Fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ ọ́.

2. Mọ ohun tó dà kí o tó mọ ohun tí wàá ṣe.

Gbogbo wa là ń pè wọ́n ní epo, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra. Pẹtiróòlù ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbaná sílẹ̀ kódà nínú òtútù tó tó 40 °C lábẹ́ òdo, irú èyí tí a kò rí rí nílẹ̀ Yorùbá. Nínú oòrùn tiwa, kíá ló ti ń tú jáde. Kẹrosíìnì kò yára tó bẹ́ẹ̀: ó tó nǹkan bí 38 °C kí ó tó ṣe irú ẹ̀, àwọn ọ̀sán oṣù Kẹta sì wà tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sáìtì gbóná ju ìyẹn lọ. Dísù ń fẹ́ ju 50 °C lọ. Ìdí nìyí tí o fi lè rí awakọ̀ tó ń ti ìṣáná bọ inú dísù láti fi yangàn, tí kò sì gbiná. Má jẹ́ kí ìyẹn tàn ọ́. Dísù tó bá ń tú jáde bí ìrì láti inú họ́ọ̀sì tó bẹ́, tó wá fọ́n sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, ń jó bí pẹtiróòlù.

Afẹ́fẹ́ pẹtiróòlù ni kí o bẹ̀rù jù, ju omi rẹ̀ tí ojú rí lọ. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí náà kì í lọ sókè, ilẹ̀ ló ń fà lọ. Ó ń wọ gọ́tà, ó ń wọ kòtò, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. O lè dúró lókè kí o má gbóòórùn rẹ̀ púpọ̀, kí ó sì ti dé ìdí ààrò ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́nu géètì. Iná á mú un níbẹ̀, á sì gba ojú ọ̀nà tó bá lọ padà wá bá ọ.

Tí o kò bá mọ ohun tó dà, ara ohun tó gbé e wá ni kí o wò. Onírúurú kẹ́míkà ló ní nọ́ńbà tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n: 1203 ni pẹtiróòlù, 1202 ni dísù, 1223 ni kẹrosíìnì, 1830 ni ásíìdì súlífúríìkì, 1017 ni kilóríìnì. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára táńkà àti dúróòmù. Wo àmì onígun mẹ́rin tí etí rẹ̀ pupa pẹ̀lú: èyí tí wọ́n ya iná sí, ó ń gbiná, èyí tí wọ́n ya ọwọ́ tí nǹkan ń jẹ sí, ó ń jẹ ara, èyí tí wọ́n ya agbárí sí, ó ń pani. Má fi imú wò ó, má fi ahọ́n wò ó. Má sì rọ kẹ́míkà kankan sínú ike omi tàbí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ kékeré ló máa ń rí irú ike bẹ́ẹ̀ mu.

3. Kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí o sì kígbe.

“Epo dà o! Ẹ pa iná ààrò!” Má tijú, má sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá: wo èéfín, wo ewé, tàbí kí o da eruku díẹ̀ sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni kí o gbà, kí ó má baà gbé òórùn náà kọlù ọ́. Bí òkè bá wà, orí òkè ni kí o lọ. Ìwé atọ́nà tí àwọn panápaná Amẹ́ríkà àti Kánádà ń gbé sínú ọkọ̀ wọn sọ pé kí èèyàn jìnnà tó mítà 50, ó kéré tán, sí pẹtiróòlù tó dà, ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Ìdajì pápá bọ́ọ̀lù nìyẹn. Bí iná bá ti ń jó táńkà, mítà 800 ni wọ́n sọ.

Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí o kọ́ ara rẹ ṣáájú, nítorí ọwọ́ á fẹ́ ṣe wọ́n fúnra rẹ̀. Má ṣí iná mọ̀nàmọ́ná níbi tí òórùn epo bá wà, má sì pa á: súìṣì ń ta sípáàkì nígbà méjèèjì. Má ṣe ṣíná ọkọ̀ tó wà nínú epo láti gbé e kúrò. Tì í bí ó bá ṣeé tì, tàbí kí o fi í sílẹ̀. Kúrò níbẹ̀ kí o tó yọ fóònù. Sọ fún wẹ́dà, fún ẹni tó ń fi gráńdà gé irin, fún ẹni tó ń mu sìgá, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Kí ẹnì kan sì sáré lọ bá ìyá alákàrà yẹn.

4. Dí i bí o bá lè dí i láìtẹ epo.

Fáàfù tí ọwọ́ rẹ tó, yí i pa. Kẹ́ẹ̀gì tó ṣubú, gbé e dìde. Ní ilé epo, súìṣì pàtàkì kan wà tó ń pa gbogbo pọ́ńpù. Mọ ibi tó wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o bá wọ iṣẹ́. Tí o bá ní láti wọ inú epo kí o tó dé ìdí fáàfù, fi í sílẹ̀ fún àwọn panápaná.

5. Iyanrìn ni ọ̀rẹ́ rẹ, omi kọ́.

Bí ó bá jẹ́ epo díẹ̀, tí kò sí iná nítòsí, tí o sì wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, ibi tí epo ń ṣàn lọ ni kí o kọ́kọ́ lọ, má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dà. Fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn dí ẹnu gọ́tà. Lẹ́yìn náà, fi iyanrìn ṣe ebè yí iwájú epo náà ká, kí ó dúró sójú kan. Ìgbà yẹn ni kí o tó da iyanrìn sórí rẹ̀, láti etí wá sáàárín.

Omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré bù. Epo á léfòó lórí omi, omi á sì gbé e lọ sí ibi tí kò lè dá dé. Bí iná bá ti wà lára rẹ̀, iná náà á bá omi lọ. Sílíńdà ìpaná tó ní páúdà tàbí fóòmù ló ń ṣiṣẹ́ lórí iná epo. Ọṣẹ Omo tí àwọn kan máa ń dà sórí dísù ń fọ ojú ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni dísù yẹn gbà lọ, kànga ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni yóò sì ti jáde. Ní sáìtì, a máa ń gbàgbé pé àwọn èèyàn ń gbé ẹ̀yìn ògiri wa. Àwọn ló ń pọn omi mu ní àdúgbò tí a ń ṣe ọ̀nà fún.

Lẹ́búlẹ́bú pákó dára fún dísù àti ọ́ìlì. Má fi í lé ásíìdì líle lórí, má sì fi í lé kilóríìnì inú odò ìwẹ̀, nítorí ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

6. Kí katapílà tó gbẹ́lẹ̀, béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń wa ẹ̀rọ ńlá kà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ní Ìjẹ̀gùn l'Ékòó, katapílà tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà gbá páìpù epo tó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Epo tú, iná sọ, ó jó ilé, ó jó ọkọ̀, àwọn ọmọ iléèwé sì wà nítòsí. Àjọ Red Cross sọ pé nǹkan bí 100 èèyàn ló kú. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí ẹni tó wá gbọ́n epo. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, ẹ̀rọ sì ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe.

Àwọn tó ni páìpù máa ń ri òpó àmì sí ojú ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n òpó lè ti wó, koríko lè ti bò ó, ẹni tó kọ́lé lè ti fà á tu. Nítorí náà máàpù ni kí o béèrè, kí o sì bi àwọn àgbà àdúgbò náà pẹ̀lú, torí ojú wọn ló ṣe nígbà tí wọ́n ri páìpù ọ̀hún. Níbi tí ó bá sún mọ́ ọn, ọwọ́ àti ṣọ́bìrì ni kí ẹ fi gbẹ́ ẹ. Bí ẹnu katapílà bá ti kan páìpù, tí o gbọ́ híhó tàbí tí o gbóòórùn, sọ̀kalẹ̀ kí o sì sá, kí o máa pariwo fún àwọn ilé tó wà níbẹ̀ bí o ti ń lọ. Katapílà ṣeé rà.

7. Kẹ́míkà méjì kì í pàdé.

Ásíìdì bátìrì bá dà, da iyanrìn yí i ká, kí o sì máa wọ́n sódà funfun tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò lé e díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dẹ́kun híhó. Má rọ omi díẹ̀ sórí ásíìdì tó le, yóò gbóná, yóò sì ta sí ọ lójú. Àwọn tó ń po ásíìdì mọ̀ pé ásíìdì ni wọ́n ń rọra dà sínú omi, wọn kì í da omi sínú ásíìdì.

Hypo àti Jik kò gbọdọ̀ kan ásíìdì, kò sì gbọdọ̀ kan Harpic tí a fi ń fọ ṣáláńgá. Afẹ́fẹ́ kilóríìnì ló ń jáde níbẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń jẹ. Mo ti rí àwọn tó ń fọ ilé ìwẹ̀ sáìtì tí wọ́n da méjèèjì pọ̀ nítorí pé wọ́n rò pé yóò mọ́ sí i. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ jáde, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ má padà wọlé.

Ẹ̀yin wẹ́dà àti páńẹ́lì-bítà ń lo kábáàdì. Omi àti kábáàdì ló ń mú gáàsì tí ẹ fi ń jó irin jáde. Kábáàdì tó bá dà, ní gbígbẹ ni kí ẹ kó o, sínú ohun tó gbẹ. Ẹ má gbá a sínú gọ́tà.

8. Bí ó bá kan ara.

Pẹtiróòlù bá rin aṣọ rẹ, jìnnà sí iná, kí o sì da omi sórí aṣọ náà kí o tó bọ́ ọ. Aṣọ ọ̀rá máa ń ta sípáàkì tí a bá ń bọ́ ọ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ìyẹn nìkan tó láti dáná sun èèyàn. Lẹ́yìn náà, fi ọṣẹ wẹ̀.

Ásíìdì tàbí kọ́sítíìkì sódà bá wọ ojú, omi tó mọ́ tó ń ṣàn ni oògùn rẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kí ẹnì kan máa la ìpéǹpéjú. Má fi omi ọmú sí i, má fi ìtọ̀ sí i, má fi epo pupa sí i. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi ń wá ìyá ọlọ́mọ ni ásíìdì fi ń jẹ ojú lọ. Láti ibi omi, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹni tó bá gbé pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì mì, má fún un ní epo pupa, má sì fi ìka sí i lọ́nà ọ̀fun kí ó lè bì. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nìyẹn, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ewu tó wà nínú epo tí a gbé mì ni pé kí ó gba ọ̀nà èémí lọ, bí èèyàn bá sì bì í, ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń yà sí. Kí ó yọ omi sẹ́nu tu dànù, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ike ohun tó mu dání. Èyí kan ìwọ tí o ń fi ẹnu fa họ́ọ̀sì láti yọ epo nínú ọkọ̀. Pọ́ńpù alọ́wọ́ wà lọ́jà.

9. Má bá ọ̀rẹ́ rẹ wọ inú táǹkì.

Ọ̀rọ̀ yìí le. Ẹnì kan wọ inú táǹkì tàbí kòtò epo láti fọ̀ ọ́, ó dákú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo inú, ó rí i, ó bẹ́ sí i. Ẹni kẹta tún wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ epo ti gba àyè afẹ́fẹ́ tí à ń mí níbẹ̀, ìfẹ́ kò sì lè mí fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn tó sáré wọlé láti gbà á máa ń pọ̀ ju ẹni àkọ́kọ́ lọ nínú òkú. Dúró lẹ́nu rẹ̀, ké sí panápaná tó ní ẹ̀rọ èémí. Bí wọ́n bá ti so okùn mọ́ ọn kí ó tó wọlé, ẹ fi okùn náà fà á jáde láti òde. Bí wọn kò bá so okùn mọ́ ọn, ẹni tó rán an wọlé ló jẹ̀bi, ìwọ kọ́ ni yóò fi ẹ̀mí rẹ san án.

10. Iyanrìn tó ti mu epo ṣì jẹ́ epo.

Kó o sínú dúróòmù tó ní ìdérí, kọ ohun tó wà níbẹ̀ sí i lára, kí o sì gbé e jìnnà sí iná. Má jó o, má dà á sí gọ́tà. Ọ́ìlì tí a ti lò, tí ẹ̀yin mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, àwọn kan ń dà á sílẹ̀ kí eruku má sọ, àwọn kan ń fi lé ikán. Ilẹ̀ yẹn kì í bọ̀rọ̀ hu nǹkan mọ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún àwọn tó ń rà á.

11. Sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ lítà kan.

Òfin tó dá NOSDRA, àjọ tó ń rí sí epo tó bá dà, sílẹ̀ ní 2006 sọ pé kí ẹni tó ni epo tó dà fi tó wọn létí láàárín wákàtí 24. Fómaàn rẹ ni kí ìwọ kọ́kọ́ sọ fún, kí o kọ ọjọ́, àkókò àti iye tó dà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, ó sì ń dùn mí gan-an. Mo mọ yáàdì kan tí wọ́n ti ń yọ owó dísù tó bá dà kúrò nínú owó oṣù ọmọ iṣẹ́. Kò pẹ́ tí epo kò fi dà mọ́ nínú ìwé wọn. Lórí ilẹ̀, ó ń dà lójoojúmọ́: eruku ni àwọn ọmọ ń fi bò ó, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń gbọ́n pẹtiróòlù padà kí ọ̀gá tó dé. Ẹni tó ń gba owó epo tó dà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ ló ń tì í sínú iná. Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ní ti ìwọ, ọmọ mi, fi 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, sínú fóònù rẹ lónìí, kí o fi 767 kún un bí o bá wà l'Ékòó. Lọ́la, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, lọ wo ẹ̀gbẹ́ táǹkì dísù yín. Bí kò bá sí òkìtì iyanrìn, ṣọ́bìrì, dúróòmù òfìfo àti ìbọ̀wọ́ níbẹ̀, béèrè wọn lọ́wọ́ fómaàn, kí o sì máa béèrè títí wọn yóò fi kó wọn dé.